Ọ̀dà Inú Páìpù Ààrò: Iná Tó Ń Rú Èéfín Ni Ká Bẹ̀rù

  

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ààrò onípáìpù ni. Ẹ ó rí i lọ́dọ̀ àwọn olóúnjẹ, ẹ ó rí i lọ́dọ̀ àwọn tó ń yan gàrí àti àwọn oníbúrẹ́dì. Ààrò tí a fi amọ̀ tàbí búlọ́ọ̀kù mọ ni, tí ajórin wá gbé páìpù sí lẹ́yìn rẹ̀ kí èéfín lè gba orí òrùlé jáde. Ohun rere ni páìpù náà. Ẹni tó bá ti fẹ́ná rí nídìí ààrò olókùúta mẹ́ta mọ oore tó ṣe fún ojú àti àyà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2020, èéfín ìdáná inú ilé ṣekú pa ènìyàn bíi mílíọ̀nù 3.2 káàkiri ayé. Nítorí náà ẹni tó ní páìpù, kó má yọ ọ́ o. Kó tọ́jú rẹ̀ ni.

Nítorí ohun kan ń bẹ nínú páìpù tí ojú wa kì í tó. Ó ń pọ̀ lójoojúmọ́, ó sì lè gbiná lójijì.

Ẹ̀yin aláṣọ, ẹ̀yin aláwo, ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín, pé ẹ kì í dáná lọ́jà. Iná tó bá bẹ̀rẹ̀ ní ìsọ̀ olóúnjẹ kì í béèrè ìlà kó tó kọjá. Ní ọjọ́ 5 oṣù kìíní ọdún 2020, iná jó ọjà Akẹ̀sán ní ìlú Ọ̀yọ́. A kò sọ pé páìpù ààrò ló fà á o. Ohun tí a ń sọ ni pé bí iná bá ti wọ ọjà tán, ohun tí ènìyàn fi ogún ọdún kó jọ lè lọ láàárín òru kan.

KÍ NI Ọ̀DÀ ÈÉFÍN?

Ẹ wo ìdí ìkòkò tí a fi igi dáná sí. Dúdú tó wà níbẹ̀, ìbátan ohun tí a ń sọ ni. Nígbà tí igi bá ń jó, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń jó tán. Apá kan ń bá èéfín lọ sókè: omi inú igi, oje rẹ̀, òróró rẹ̀, àti ẹ̀rún èédú wẹ́wẹ́ tí ojú kò lè rí. Bí iná bá gbóná dáadáa, púpọ̀ nínú nǹkan wọ̀nyí á jó nínú ààrò, ìwọ̀nba tó kù á gba páìpù jáde. Ṣùgbọ́n bí iná bá ń ṣe jẹ́jẹ́, tó kàn ń rú túú, wọn kò ní jó. Wọ́n á wọ inú páìpù, wọ́n á kan irin tútù, wọ́n á sì lẹ̀ mọ́ ọn.

Ṣé ẹ ti rí i bí ìdérí ìkòkò ìrẹsì ṣe ń láàgùn? Ooru gòkè, ó kan ìdérí tó tutù jù ú lọ, ó di omi. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni inú páìpù ṣe ń láàgùn. Omi tó ń hó, 100 ni ooru rẹ̀ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí èéfín bá tutù wálẹ̀ dé nǹkan bíi 120 kó tó jáde lórí òrùlé, páìpù á bẹ̀rẹ̀ sí í láàgùn nínú. Àmọ́ òógùn tirẹ̀ kì í ṣe omi lásán. Ọ̀dà ni. Creosote ni òyìnbó ń pè é. Àwa ó máa pè é ní ọ̀dà èéfín, nítorí ó dúdú, ó ń lẹ̀, ó ń rùn bí ọ̀dà tí wọ́n ń yọ́ sójú títì, ó sì ń jó bíi tirẹ̀.

Ọ̀nà mẹ́ta ló máa ń gbà yọjú. Èkíní rí lẹ́búlẹ́bú bí àtíkè dúdú. Búrọ́ọ̀ṣì á kó o kúrò wẹ́rẹ́. Èkejì ti ń le, ó rí bí èépá tó ń dán díẹ̀, ó gba kí ènìyàn fá a kó tó ṣí. Ẹ̀kẹta ni baba wọn. Ó ti yọ́, ó sì ti gan mọ́ irin, ó ń dán bí ike dúdú tí iná yọ́. Fífá kò ràn án mọ́. Ẹ rántí pé díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Lẹ́búlẹ́bú tí a fojú fo lónìí ni yóò di aláìṣeéfá lọ́la.

IBO LÓ TI Ń WÁ?

Ohun méjì ló ń bí i: igi tútù, àti iná tí a fún lọ́rùn.

Ẹ jẹ́ ká mú igi tútù. Igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, omi inú rẹ̀ lè tó ìdajì ìwọ̀n rẹ̀. Bí ẹ bá gbé e lé sìkéèlì tó wọn kílò 20, kílò 10 nínú rẹ̀ lè jẹ́ omi. Ẹ ti gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi kan wọ inú iná nìyẹn. Iná gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sè omi yẹn gbẹ kó tó lè ráyè sè ọbẹ̀ yín. Nígbà tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ooru rẹ̀ á lọ sílẹ̀, èéfín á nípọn, á tutù, páìpù á sì máa láàgùn.

Èkejì ni iná tí a fún lọ́rùn. Olóúnjẹ fẹ́ kí ẹ̀wà òun rọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó ki ìtì igi ńlá méjì bọ ẹnu ààrò lálẹ́, ó fi páànù bo ẹnu ààrò pinpin kí igi má baà tètè jó tán, ó bá lọ sùn. Lójú tirẹ̀, ó ń ṣọ́ igi ná. Ṣùgbọ́n ẹ bá wa wò ó dáadáa. Iná ń fẹ́ mí, kò rí afẹ́fẹ́. Igi kò jó, kò sì kú, ó kàn ń rú èéfín títí di òwúrọ̀. Èéfín dúdú yẹn, owó igi rẹ̀ ló ń fò lọ o. Oje àti òróró tí ì bá jó kó fún ìkòkò ní ooru, ara páìpù ló lọ lẹ̀ mọ́. Kò jèrè igi, ó tún fi ẹ̀tù sí orí òrùlé ara rẹ̀. Àwọn àgbà sì ti wí pé a kì í fi iná sórí òrùlé ká lọ sùn.

Ìdí nìyí tí a fi sọ pé iná tó ń rú èéfín ni ká bẹ̀rù. Iná tó ń jó bùlàbùlà ni gbogbo ènìyàn ń sá fún. Ní ti páìpù, iná kékeré tó ń rú túú látàárọ̀ dalẹ́ ló ń kó ọ̀ràn jọ. Iná ńlá ọjọ́ kejì kàn ń wá ṣáná sí ohun tó ti wà nílẹ̀ ni.

OHUN TÓ LÈ ṢE

Àkọ́kọ́, páìpù lè gbiná. Bí ọ̀dà bá ti nípọn, tí iná bá rú sókè lọ́jọ́ kan tàbí tí ẹyín iná kan bá fò wọ inú páìpù, gbogbo ọ̀dà yẹn lè mú iná lẹ́ẹ̀kan náà. Irú iná bẹ́ẹ̀ lè gbóná kọjá 1,000 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Páànù alumíníọ̀mù tí ọ̀pọ̀ fi kan ilé, 660 ló ti ń yọ́. Ẹ fọkàn ro ohun tí igi òrùlé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù yóò ṣe.

Èkejì, ọ̀dà ń dín ihò páìpù kù. Páìpù tí ọwọ́ ń wọ̀ tẹ́lẹ̀ á di èyí tí ìka mẹ́ta kò wọ̀ mọ́. Èéfín tí kò rí ọ̀nà lọ á padà sínú ìsọ̀. Ojú á máa ta, ikọ́ á máa gbé àwọn ọmọ iṣẹ́, oníbàárà á sì lọ jẹun níbòmíràn.

Ẹ̀kẹta ni afẹ́fẹ́ olóró tí òyìnbó ń pè ní carbon monoxide. Òun ni a bẹ̀rù jù. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Bí ènìyàn bá ń fà á símú, ó ń gba ipò afẹ́fẹ́ rere nínú ẹ̀jẹ̀. Orí á kọ́kọ́ máa fọ́, òòyì á máa kọ́ ènìyàn, èébì á máa gbé e, oorun á sì wọlé. Ẹlòmíràn kì í jí sí oorun yẹn. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ kankan sùn nínú ìsọ̀ tí ẹyín iná wà nínú ààrò rẹ̀, tí a sì ti ilẹ̀kùn. Bí orí bá ń fọ́ ẹni méjì tàbí mẹ́ta nídìí ààrò kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má pè é ní ibà. Ẹ jáde síta ná, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ.

BÍ A Ó ṢE DÈNÀ RẸ̀

1. Ẹ jó igi gbígbẹ. Igi gbígbẹ ni èyí tí omi inú rẹ̀ kò ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ. Kí igi tó dé ibẹ̀, ó lè gba oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, pàápàá àwọn igi líle bí àyìn. Ẹ là á wẹ́wẹ́, nítorí odindi ìtì kì í tètè gbẹ nínú. Ẹ tò ó sórí pákó tàbí òkúta kó má kan ilẹ̀, ẹ fi àyè sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè gba àárín rẹ̀ kọjá, ẹ bo orí rẹ̀ nítorí òjò, ẹ má sì bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Igi tí a là nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀, tí oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn pa, òun ni yóò gbà wá nígbà òjò.

2. Ẹ dán igi wò kí ẹ tó sanwó. Igi gbígbẹ máa ń sán ní ẹnu ibi tí wọ́n ti gé e, èèpo rẹ̀ á máa ṣí, á sì fúyẹ́. Ẹ mú méjì, ẹ gbá wọn pọ̀. Èyí tó gbẹ á dún ganran. Èyí tó tutù á dún gbì. Ọ̀nà míì tún wà, èyí tí ọlọ́jà kò lè kùnà: ẹ wọn igi kan lórí sìkéèlì yín, ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, ẹ sá a sóòrùn fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ tún un wọ̀n. Bó bá ṣì ń fúyẹ́ sí i, omi ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí pákó àjẹkù láti ibi tí wọ́n ti ń la igi tàn yín jẹ. Nítorí pé wọ́n là á pẹlẹbẹ kò sọ pé ó gbẹ.

3. Ẹ jẹ́ kí iná mí. Ẹ má bo ẹnu ààrò pinpin nígbà tí igi bá ń jó. Bí ẹ bá fẹ́ kí ooru dín kù, igi ni kí ẹ dín kù. Ẹ la igi wẹ́wẹ́, kí ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀. Láràárọ̀, bí páìpù bá mọ́, ẹ jẹ́ kí iná jó geere fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 sí 20 kí páìpù lè gbóná. Bí èéfín tó ń jáde lórí òrùlé kò bá hàn púpọ̀, iná yín dára. Bó bá dúdú tó sì nípọn, ọ̀dà lẹ ń sè.

4. Ní ti ẹ̀wà, ẹ rẹ ẹ́ sómi láti alẹ́. Ní ìdájí, ẹ dá iná tó gbóná, ẹ jẹ́ kó hó dáadáa fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ dé ìkòkò náà, kí ẹ gbé e sínú apẹ̀rẹ̀ tí a fi aṣọ àkísà tẹ́ nídìí, kí ẹ fi aṣọ wé e yíká títí kan orí. Ooru tó wà nínú rẹ̀ á máa bá iṣẹ́ lọ láìsí igi. Kí ẹ tó tà á, ẹ gbé e padà sórí iná kó tún hó.

5. Ẹ má fi ààrò ṣe ààtàn. Ọ̀rá, ike, táyà àti pákó tí wọ́n kùn ní ọ̀dà kò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀. Àjókù òpó iná dúdú tí wọ́n ti fi oògùn pa nítorí ikán, ẹ jìnnà sí i. Creosote tí wọ́n ń yọ lára èédú ilẹ̀ ni wọ́n fi ń rẹ púpọ̀ nínú irú igi bẹ́ẹ̀. Oró ni èéfín rẹ̀ fún ẹni tó ń dáná àti ẹni tó ń jẹun.

6. Ẹ jẹ́ kí páìpù dúró ṣánṣán. Kí igun rẹ̀ má pọ̀, nítorí ibi tó bá ti tẹ̀ ni ọ̀dà ti ń jókòó. Kí orí rẹ̀ ga ju òrùlé lọ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, ó kéré tán. Páìpù irin lásán kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ pákó, aṣọ tàbí igi òrùlé ju ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀ lọ. Ibi tó bá ti la òrùlé kọjá, kí ajórin fi irin fífẹ̀ yí i ká. Kí fìlà wà lórí rẹ̀ kí òjò má wọlé. Òjò tó bá wọ inú páìpù á pò pọ̀ mọ́ dúdú náà, á sì jẹ irin.

BÍ A ṢE Ń FỌ PÁÌPÙ

Ẹni tó ń dáná lójoojúmọ́, kó máa yẹ páìpù rẹ̀ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Tọ́ọ̀ṣì àti dígí kékeré ti tó. Bí ohun dúdú náà bá ti nípọn ju igi ìṣáná lọ, èyíinì ni nǹkan bíi mìlímítà 3, ó ti tó fífá. Ẹ má dúró dìgbà tó bá di ti onídán.

Ẹ jẹ́ kí iná kú pátápátá kí ààrò sì tutù, ó sàn kó jẹ́ ọjọ́ kejì. Ẹ tú páìpù náà, ẹ gbé e jáde kúrò nínú ọjà. Búrọ́ọ̀ṣì onírin tó bá ihò páìpù mu ni kí ẹ kì bọ̀ ọ́, kí ẹ máa fà á lọ fà á bọ̀. Ajórin lè so búrọ́ọ̀ṣì náà mọ́ ọ̀pá gígùn fún yín. Lẹ́yìn náà, ẹ gbá ìsàlẹ̀ ibi tí páìpù ti wọ ààrò mọ́, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń já bọ́ sí. Bí páìpù bá ti ní ẹ̀yà kẹta, èyí tó ń dán bí ike, ẹ má bá a jà. Ẹ ra òmíràn. Owó páìpù kò tó owó ìsọ̀ kan. Ẹ má sì da kẹrosíìnì tàbí pẹtiróòlù sí i láti fi iná jó o kúrò. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣáná sí òrùlé.

Ẹ fi aṣọ bo imú, ẹ wọ aṣọ alápá gígùn, ẹ fi ọṣẹ wẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́. Ẹ má ṣe rán ọmọdé níṣẹ́ yìí. Nílùú Lọ́ńdọ̀nù láyé àtijọ́, ọmọdékùnrin kéékèèké ni wọ́n ń rán wọ inú ihò èéfín ilé láti fá a. Ní ọdún 1775, dókítà kan tó ń jẹ́ Percivall Pott kọ̀wé pé dúdú èéfín yẹn ló ń fa jẹjẹrẹ ní awọ abẹ́ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà. Ó gba ọgọ́rùn-ún ọdún gbáko, títí di òfin ọdún 1875, kí ìjọba ibẹ̀ tó fi òpin sí fífi ọmọdé ṣe é. Ẹ má jẹ́ ká fi ojú ara wa tún un rí lára ọmọ wa.

Eérú náà ńkọ́? Inú bọ́kẹ́ẹ̀tì onírin tó ní ìdérí ni kí ẹ kó o sí, kì í ṣe inú ike tàbí páálí. Ẹyín iná lè wà láàyè lábẹ́ eérú fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta.

BÍ PÁÌPÙ BÁ GBINÁ

Ẹ ó gbọ́ ọ. Á máa hó hùùù bí ìgbà tí ọkọ̀ akẹ́rù ń bọ̀. Páìpù lè pọ́n, iná á sì máa ta pàrà lórí òrùlé. Ẹ kọ́kọ́ kó ènìyàn jáde. Bí àyè bá wà, ẹ fi yanrìn pa iná inú ààrò, ẹ dí ẹnu ààrò pinpin kí afẹ́fẹ́ má wọlé, kí ẹ sì gbé sílíńdà gáàsì jìnnà. Ọjọ́ yìí nìkan ni dídí ẹnu ààrò dára. Ẹ má da omi sí páìpù tó pọ́n, nítorí ooru rẹ̀ á bó yín lára. Ẹ pe panápaná lórí 112. Ní Èkó, 767 náà wà. Ẹ kígbe sí àwọn ìsọ̀ tó yí yín ká, ẹ má tijú. Bí iná bá tilẹ̀ kú fúnra rẹ̀, ẹ má tún dáná níbẹ̀ títí ajórin yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ̀BẸ̀ WA

Ẹ̀yin onígi tí ẹ jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa, ọwọ́ yín ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ to igi gbígbẹ lọ́tọ̀, ẹ to tútù lọ́tọ̀, kí ẹ sì sọ òtítọ́ fún oníbàárà. Bí ti gbígbẹ bá wọ́n díẹ̀, ó tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ẹ ti fi àyè àti oṣù mélòó kan tọ́jú rẹ̀. Ẹ̀yin olóúnjẹ, ẹ má bínú sí iye yẹn. Igi tútù tó dínwó, omi lẹ fowó rà. Ẹ̀yin tí ìsọ̀ yín wà nítòsí ààrò, bí ẹ bá rí èéfín dúdú lórí òrùlé aládùúgbò yín látàárọ̀ dalẹ́, ẹ fi ìfẹ́ sọ fún un. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ òfófó. Ọjà ẹnì kan kọ́ ni, ọjà gbogbo wa ni.

Ẹni tí kò bá lè kàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á sí i létí.

Ọjà á tà, èrè á wọlé, iná kò ní jó wa o. Àṣẹ.